Àtúntò ẹ̀ka iná mànàmáná ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Àtúntò ẹ̀ka iná mànàmáná ní Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn òfin àti ètò tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi gba àmójútó ọjà iná tó wà láàárín ààlà rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà. Akitiyan náà ti wà láti ọdún 1999, ó sì so èso nígbà tí Òfin Iná Mànàmáná Ìpínlẹ̀ Èkó jáde ní ọdún 2024. Ohun tí àtúntò náà yí padà ni ẹni tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ àti ẹni tó ń fọwọ́ sí iye owó iná. Kò tíì yọ Èkó kúrò lára gíríìdì, ìyẹn àwọn òpó àti wáyà ńlá tó so àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá orílẹ̀-èdè pọ̀.

== Ìtàn ==

Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ tan iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọdún 1972, ìjọba ológun dá NEPA sílẹ̀, ó sì fi pípèsè iná, gbígbé e kiri àti títà á fún aráàlú sí ìkáwọ́ àjọ kan ṣoṣo yìí. Ilẹ̀ Èkó ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà, ní agbègbè Ìkòròdú. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹgawáàtì 1,320, ṣùgbọ́n inú gíríìdì ni iná rẹ̀ ń wọ̀.

Ìwé Òfin ọdún 1999 gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣòfin lórí iná, àmọ́ kìkì fún àwọn ibi tí gíríìdì kò dé. Nítorí pé gíríìdì ti dé ibi púpọ̀ ní Èkó, àǹfààní yìí kò tó nǹkan fún ìpínlẹ̀ náà. Lọ́dún yẹn kan náà, Gómìnà Bọ́lá Tinúbú bá ilé-iṣẹ́ Enron ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn láti gbé ẹ̀rọ amúnáwá sórí ọkọ̀ ojú omi. Ilé-iṣẹ́ AES ló gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n NEPA ni wọ́n ń ta iná ọ̀hún fún. Lásìkò Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ìpínlẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá kéékèèké, bí èyí tó wà ní Akute, tó ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ omi ìjọba ní iná tààrà.

== Àtúntò ti ìjọba àpapọ̀ ==

Ní ọdún 2005, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ buwọ́ lu òfin tó fi òpin sí NEPA, tó sì dá NERC sílẹ̀ láti máa mójú tó ẹ̀ka iná. PHCN ló rọ́pò NEPA, wọ́n sì pín in sí ilé-iṣẹ́ 18: 6 fún pípèsè iná, 1 fún gbígbé e, àti 11 fún pípín in. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, àwọn aládàáni gba àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná. Eko Disco àti Ikeja Electric ni Èkó bọ́ sí lọ́wọ́. Síbẹ̀, NERC ní Àbújá ló ń pinnu iye tí ará Èkó ń san. Gómìnà Akinwùnmí Àḿbọ̀dé buwọ́ lu òfin àtúntò ti ìpínlẹ̀ ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n ààlà tí Ìwé Òfin pa ṣì wà níbẹ̀.

== Ìyípadà Ìwé Òfin àti òfin ọdún 2024 ==

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu àtúnṣe tó mú ààlà náà kúrò. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Tinúbú, tó ti di ààrẹ, buwọ́ lu Òfin Iná Mànàmáná tuntun tó rọ́pò ti ọdún 2005. Lábẹ́ òfin yìí, ìpínlẹ̀ tó bá ti ṣe òfin tirẹ̀ lè béèrè àmójútó lọ́wọ́ NERC, NERC sì gbọ́dọ̀ parí ìfàléni-lọ́wọ́ náà láàárín oṣù 6. Enugu, Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ní ọdún 2024.

Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú buwọ́ lu òfin ti Èkó ní ọdún 2024. Òfin náà dá LASERC sílẹ̀, àjọ alámòójútó ti ìpínlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, NERC pàṣẹ pé kí àmójútó bọ́ sọ́wọ́ LASERC, kí gbogbo rẹ̀ sì parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Wọ́n ní kí Eko Disco àti Ikeja Electric dá ilé-iṣẹ́ abẹ́lé sílẹ̀ fún iṣẹ́ wọn nínú ìpínlẹ̀.

Bí iṣẹ́ ṣe pín nìyí:
* LASERC: ìwé àṣẹ, iye owó iná àti ẹ̀tọ́ oníbàárà nínú Ìpínlẹ̀ Èkó.
* NERC: gíríìdì, àti iná tó ń ti ìpínlẹ̀ kan kọjá sí òmíràn tàbí sí òkè òkun.

== Àwọn ọ̀ràn tó kù nílẹ̀ ==

Afẹ́fẹ́ gáàsì ni Egbin ń lò, láti agbègbè Niger Delta ni páìpù sì ti ń gbé e wá. Bí gíríìdì bá ṣubú, òkùnkùn máa ń dé Èkó bí ó ti ń dé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù.

Iye owó iná tún jẹ́ ọ̀ràn pàtàkì. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ alámòójútó ti Ìpínlẹ̀ Enugu dín owó iná àwọn oníbàárà ìpele A kù láti nǹkan bíi náírà 209 sí 160. NERC fèsì pé ìpínlẹ̀ kò ní àṣẹ lórí iye tí wọ́n ń ra iná inú gíríìdì, àti pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ kí aráàlú san owó tó dín ní láti fi owó tirẹ̀ dí àlàfo náà. Ọ̀ràn yìí kan Èkó pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí iná tó ń pín fún aráàlú bá ṣì ń ti inú gíríìdì wá.