Àwọn Òṣèré Ìgbà Àkọ́kọ́ Nínú Tẹlifíṣọ̀n Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ ilé-ìwé òde òní mọ̀ pé a lè gba eré sílẹ̀ lónìí kí a sì wò ó ní ọdún tí ń bọ̀. Ìgbà kan wà, ẹ̀yin òǹkàwé, tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1936 títí di nǹkan bí 1958, ohun tí ó pọ̀ jùlọ nínú eré tí àwọn ènìyàn ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n ni a ń ṣe ní ìṣẹ́jú náà gan-an tí wọ́n ń wò ó. Bí olórin bá ṣi ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ kọ, ó ti ṣì í kọ lójú gbogbo ènìyàn. Bí àwo bá sì bọ́ lọ́wọ́ pidánpidán, kò sí ẹni tí yóò bá a dá a padà. Nígbà tí eré bá parí, ó parí náà nìyẹn, bí èéfín tí ó gba ojú fèrèsé lọ. Kí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi fún àwọn tí ń ṣe é, kí ni ó sì gbà lọ́wọ́ wọn? Èyí ni mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú eré tí a ń wí. Eré oríṣìíríṣìí ni. Ní alẹ́ kan, nínú ilé eré kan, olórin yóò jáde, aláwàdà yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni pidánpidán, lẹ́yìn èyí ni ẹni tí ń rìn lórí okùn tàbí ajá tí ó mọ ijó. Olúkúlùkù a lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí kí ó lé díẹ̀, a sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn òṣèré a sì máa ti ìlú kan bọ́ sí èkejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn alárìnjó ti wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ní. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọdún púpọ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹun lórí rẹ̀, nítorí pé bí àwọn ará Leeds bá ti rí i tán, àwọn ará Bristol kò ì tí ì rí i.

Ará Scotland kan, John Logie Baird, ni ó kọ́kọ́ fi tẹlifíṣọ̀n han àwọn ọ̀mọ̀wé, ní ọjọ́ 26 oṣù January, 1926, nínú yàrá òkè kan ní òpópónà Frith ní London. Ní 1932 ni BBC, ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ètò nínú ilé ara rẹ̀. Ìlà 30 péré ni a fi ń ya àwòrán náà. Ó kéré, ó sì ń mì bí iná fìtílà nínú afẹ́fẹ́. Inú òkùnkùn ni òṣèré ń dúró, tí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ń sáré lọ sáré bọ̀ lára rẹ̀. Kí ojú rẹ̀ lè hàn, wọn a kùn ún ní funfun bí ẹfun, wọn a sì fi àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ aró fa ìlà sí ètè àti ìpéǹpéjú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọdé bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò sá. Síbẹ̀ wọ́n wá. Ní oṣù April, 1933, àwọn ọmọbìnrin oníjó tí à ń pè ní Paramount Astoria Girls jó nínú ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Looking In. Ẹnìkan tí ń wò wọ́n láti ilé rẹ̀ fi ẹ̀rọ gba ìró àwòrán náà sórí àwo irin kan, irú àwo tí a lè gbé sórí giramafóònù. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí àwọn onímọ̀ tó rí àwo náà, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe, tí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn sì tún jó.

Orí òkè kan ní àríwá London ni ilé ńlá Alexandra Palace wà. Níbẹ̀ ni BBC gbé òpó irin gíga kan ró, tí ó sì ti ṣí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ 2 oṣù November, 1936. Ẹ̀rọ méjì ni ó ń bá ara wọn díje: ti Baird, tí ó ti di onílà 240, àti ti ilé-iṣẹ́ Marconi-EMI, onílà 405. Wọ́n sọ owó ẹyọ sókè láti mọ èyí tí yóò ṣáájú, ó sì bọ́ sí ọwọ́ Baird. Àwọn ẹni ńlá sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ tán, wọ́n tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ níwájú ẹ̀rọ kejì, kí a má bàa wí pé a ṣe ojúsàájú. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni tún ń rántí ohun tí wọ́n wí. Ṣùgbọ́n eré oríṣìíríṣìí tẹ̀lé e: Adele Dixon kọ orin kan tí a ṣe nítorí ọjọ́ náà, àwọn ará Ṣáínà tí à ń pè ní Lai Founs fi àwo dárà, Buck àti Bubbles sì jáde.

Ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Buck a máa tẹ dùrù. Bubbles, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ John Sublett, a máa fi bàtà lu pátákó ilẹ̀, tí gìgísẹ̀ ń sọ tirẹ̀, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń dá a lóhùn, bí ìyá ìlù àti omele. Kì í ṣe ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀: ní 1935 òun ni ó kọ́kọ́ ṣe Sportin' Life nínú Porgy and Bess, eré olórin tí Gershwin kọ. Báyìí ni ènìyàn dúdú fi wà lára àwọn tí ó ṣí iṣẹ́ náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú ìfẹ́, nítorí pé a kò gba ijó ọ̀sán ọjọ́ náà sílẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ náà nira fún ara. Níwájú ẹ̀rọ Baird, kámẹ́rà kan tí kò lè rìn ni ó wà. Inú rẹ̀ ni fíìmù ti ń bọ́ sínú omi oògùn, a sì ń gbé e jáde ní tútù láti sọ ọ́ di àwòrán, gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú kan. Oníjó tí ó bá fi ẹsẹ̀ kan yà kúrò ní àyè rẹ̀ ti jó fún ògiri. Ẹ̀rọ kejì sàn jù. Kámẹ́rà rẹ̀ lè rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ń darí rẹ̀ ń rí òṣèré ní ìdojúdé, tí orí wà nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ wà lókè! Ooru iná a sì mú kí ọ̀dà ojú máa yọ́. Ní oṣù February, 1937, a fi ẹ̀rọ Baird sílẹ̀ pátápátá.

Ta ni ń wò wọ́n? Kò pọ̀. Wákàtí méjì péré ni eré fi ń wà lójúmọ́, kò sì sí rárá ní ọjọ́ Ìsinmi ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìwòran kan tó nǹkan bí £100, èyí tí a lè fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tuntun nígbà náà. Nígbà tí ogun dé, tí a ti iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 1 oṣù September, 1939, nǹkan bí 20,000 ẹ̀rọ ni ó wà. Ọjọ́ 7 oṣù June, 1946 ni a tún un ṣí. Ní ọdún náà gan-an ni ẹgbẹ́ oníjó Les Ballets Nègres, tí Berto Pasuka ará Jamaica dá sílẹ̀, jó nínú tẹlifíṣọ̀n láti Alexandra Palace. Ẹgbẹ́ yìí kan àwa náà, nítorí pé ẹni tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lùlù fún wọn nínú ilé eré ní London ni Ọládípúpọ̀ Adékọ̀yà Campbell, ọmọ Èkó, ọmọ oníwàásù, tí àwọn Òyìnbó mọ̀ sí Ambrose Campbell.

Lẹ́yìn ogun ni ìjà dé. Àwọn tí ó ni ilé eré wí pé bí ènìyàn bá lè jókòó nínú ilé rẹ̀ kí ó wo aláwàdà, kí ni yóò mú un san owó ẹnu-ọ̀nà? Púpọ̀ nínú wọn kò jẹ́ kí àwọn òṣèré wọn tí ó lókìkí súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ àwọn olórin pẹ̀lú kọ̀ pé kí a má ṣe gba eré wọn sílẹ̀, nítorí ohun tí a bá gbà sílẹ̀ ni a lè tún fi hàn láìpe olórin mọ́. A lè rò pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni. Ní tèmi, mo rí i pé ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Ẹ rántí eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a ti sọ. Èyí tí ì bá bọ́ ọkùnrin kan fún ogún ọdún, tẹlifíṣọ̀n lè jẹ ẹ́ tán ní alẹ́ kan, kí ó sì béèrè òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Morecambe àti Wise, aláwàdà méjì tí ilé eré kọ́, rí èyí ní 1954, nígbà tí BBC fún wọn ní ètò Running Wild. Àwọn oníwèé ìròyìn bú wọn gidigidi. Wọ́n padà sí ilé eré, ó sì di ìgbà tí ọdún 1960 ti kọjá kí wọ́n tó rí àwọn òǹkọ̀wé tí ń bá wọn wá àwàdà tuntun, tí tẹlifíṣọ̀n sì wá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní 1955 ni tẹlifíṣọ̀n kejì dé, èyí tí ń fi ìpolówó ọjà bọ́ ara rẹ̀. Àwọn wo ni ó sì wà nídìí rẹ̀? Val Parnell àti Prince Littler, àwọn ọ̀gá ilé eré gan-an! Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù September, ọdún náà, wọ́n gbé ilé eré London Palladium wọ inú yàrá àwọn ènìyàn, Gracie Fields sì kọrin níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n yàn. Láti ìgbà náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, eré náà ń lọ tààrà láìsí àtúnṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí 1961, tí kò sí ẹni tí yóò jáde, Bruce Forsyth àti Norman Wisdom nìkan ni ó ṣe gbogbo eré alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù December, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ènìyàn méjì péré lórí pèpéle tí ó gba ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n láti 1958 ni téèpù tí ń gba àwòrán sílẹ̀ ti dé ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé eré sì ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná jó ti Collins ní Islington ní ọdún náà, a kò sì tún un kọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù October, 1963, àwọn Beatles kọrin ní Palladium, nǹkan bí 15,000,000 ènìyàn sì wò wọ́n láti ilé wọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni Metropolitan ní òpópónà Edgware, ọ̀kan nínú àwọn ilé eré àtijọ́ ìlú London, ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.