Akọni Inú Agbọ̀n Irú

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ará, kí n sọ ìtàn akọni kan tí omi híhó kò rí pa. Láàárín òkè 41 tí ìlú Ìdààṣà fi lókìkí ní ilẹ̀ Benin, ìlú tí àwọn Faransé ń kọ ní Dassa-Zoumè, ilé ìdáná àwọn ìyá oníirú ni akọni yìí ń gbé. Bacillus subtilis ni orúkọ rẹ̀. Bakitéríà ni. Bí a bá to bíi 300 wọn lórí sí ìdí, agbára káká ni wọ́n fi máa gùn tó mílímítà 1. Kò lójú, kò létí, kò ní ọpọlọ, síbẹ̀ ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká rẹ̀.

Ìyá oníirú se irúgbá di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó bó èèpo rẹ̀, ó ṣàn án, ó tún un sè, ó dà á gbígbóná sínú agbọ̀n tó tẹ́ ewé sí, ó sì fi àpò bò ó pinpin. Àìmọye kòkòrò ti kú sómi gbígbóná. Ṣùgbọ́n akọni wa ti ká ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, bí ekùrọ́ ṣe ń gbé inú tirẹ̀. Kò jẹ, kò mu. Àwọn kan la omi híhó já. Àwọn mìíràn lúgọ sára ewé àti àpò. Ní 1876 ni Ferdinand Cohn, ará Jámánì, ṣàlàyé èèpo yìí fáyé. Àwọn ìyá wa ti ń jẹ èrè rẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Ta ni yóò wá jí i? Lábẹ́ èèpo náà ni olùṣọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní GerA. Bí alanine, ọ̀kan lára èérún purotéènì, bá ti kan olùṣọ́ yìí báyìí, omi yóò rọ́ wọlé, èèpo yóò là, akọni yóò sì dìde! Ó ń fi okùn tín-ín-rín ara rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́. Ó ń tọ́ ibi tó dé wò, ó ń fi wé ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Bí oúnjẹ bá ń pọ̀ sí i, yóò máa lọ tààrà. Bí ó bá ń dín kù, yóò ta gìrì, yóò kọjú síbòmíràn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń ka ara wọn. Olúkúlùkù ń tú ohun kan jáde tí ń jẹ́ ComX. Nígbà tí wọn kò pọ̀, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Nígbà tó bá wá kún agbọ̀n, gbogbo wọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì yí ìṣe wọn padà. Nínú nátò, ẹ̀wà sóyà tí bakitéríà yìí kan náà ń sọ di oúnjẹ ní Japan, ìkànìyàn yìí ló ń pàṣẹ ìyọ̀ tí ń fà bí òwú. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan irú tó jinná ti mọ ìyọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn akọni wa gé purotéènì wẹ́wẹ́, òórùn amóníà gba ilé kan, ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn kò sì lè gbé ibẹ̀ mọ́. Ní 2006, Paulin Azokpota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi kéde àyẹ̀wò irú àti àwọn ìbátan rẹ̀, afitin àti sonru, ní ilẹ̀ Benin: akọni wa ló gbapò iwájú nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ebi ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ Harvard rí i ní 2003 pé àwọn tó kọ́kọ́ mọ ebi lára a máa tu májèlé sí àwọn ọmọ ìyá wọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n, wọn a pa wọ́n, wọn a sì jẹ ohun tó ṣẹ́ jáde lára wọn. Inú èèpo tuntun ni ebi ń lé wọn wọ̀, ṣùgbọ́n kíkọ́ ọ ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹni tó bá sì ti wọ̀ ọ́ jìnnà kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa ọmọ ìyá jẹ, kí ọjọ́ tí wọn yóò wọ èèpo lè sún síwájú díẹ̀.