Aṣọ Lórí Ẹ̀rọ: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè Wò, Láti Ìgbà Edison Dé Orí Kọ̀ǹpútà Wa

Àwọn baba wa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni nílé ẹjọ́, òótọ́ sì ni lóko. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde, ó ju àádọ́rin ọdún lọ kí àwọn onímọ̀ tó fi ìdánwò hàn gbangba pé ojú a máa ṣi etí lọ́nà, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ kan ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa tó, aṣọ ni kí ó kọ́kọ́ fi bò ó. A kọ ìtàn náà síhìn-ín nítorí pé púpọ̀ nínú wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà wa lónìí láti inú ẹ̀rọ kékeré tó wà lára kọ̀ǹpútà. A kì í sì í béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ti gbé mì kí ohùn tó dé etí wa.

Ní ọdún 1915, ilé iṣẹ́ Thomas Edison ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn aráàlú sí gbọ̀ngàn láti wá dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Diamond Disc ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Kò lo iná mànàmáná láti sọ ohùn di ńlá. Ohun kan bí fèrè ńlá tó wà nínú àpótí rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Akọrin a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, a máa kọrin pẹ̀lú àwo tó ti gba ohùn òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì dákẹ́ lójijì kí àwo máa bá orin lọ. Nígbà mìíràn wọn a pa iná gbọ̀ngàn. Bí iná bá tún tàn, àwọn ènìyàn a rí i pé akọrin ti kúrò lórí ìtàgé, ẹ̀rọ nìkan ni ó kù níbẹ̀. Títí di 1925, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó lè mọ ìyàtọ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ àwọn àwo náà lónìí yóò ṣe kàyéfì, nítorí ìró wọn tínrín, kò sì ní ìdí. Anna Case, ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà, tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó ti darúgbó, ní 1972: ó ní òun a máa mú ohùn òun bá ti ẹ̀rọ mu ni. Ènìyàn ni ó ń fara wé ẹ̀rọ! Síbẹ̀, lójú tiwa, kì í ṣe ẹ̀tàn nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwọn olùgbọ́ wá pẹ̀lú ìrètí, wọ́n sì gbọ́ ohun tí wọ́n retí. Àìsàn yìí kò tíì tán títí di òní.

Ní 1925, Chester Rice àti Edward Kellogg, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ General Electric, ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tí a ṣì ń lò, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè ní baffle láti inú èdè Faransé, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sípíkà. Wáyà tí a wé róbótó ni, pẹ̀lú òòfà, àti pépà tí a ká bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà, òòfà a máa tì í, a sì máa fà á. Pépà a máa ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà ni ó ń di ohùn ní etí wa. Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí owó kò lè yí padà: bí ìró bá rinlẹ̀ sí i ní ìlọ́po méjì, pépà gbọ́dọ̀ rìn jìnnà ní ìlọ́po mẹ́rin kí agbára ìró náà tó dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ẹ wo pépà kékeré tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí òmíràn nínú wọn kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Níbo ni yóò rìn dé?

Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti Bell Laboratories tẹ ìwádìí wọn jáde, wọ́n sì fi hàn pé etí ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ìró bákan náà. Bí a bá rẹ ohùn sílẹ̀, ìró tó rinlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń pòórá. Ìdí nìyí tí agbára ẹ̀rọ méjì fi gbọ́dọ̀ dọ́gba kí a tó fi wọ́n wé ara wọn. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ké ju èkejì lọ, òun ni etí yóò sọ pé ó dára. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún kan náà, ẹgbẹ́ olórin Philadelphia ṣeré ní ìlú wọn, àwọn tó péjọ sí Constitution Hall ní Washington sì gbọ́ ọ, ní ọ̀nà mẹ́ta tó pín sórí ìtàgé. Leopold Stokowski, olùdarí wọn, kò sí lọ́dọ̀ wọn. Washington ni ó jókòó sí, tí ó ń darí agbára ohùn.

Kọ̀ǹpútà kò kọ́kọ́ bá wọn pín nínú ọlá yìí. Èyí tí IBM gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ní sípíkà kan ṣoṣo, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó ké “píì” láti pe olówó rẹ̀ sí àkíyèsí. Ta ni yóò dán irú ìyẹn wò? Ìgbà tí àwọn káàdì ohùn bíi Sound Blaster jáde, ní 1989, ni orin àti ohùn ènìyàn wọ inú kọ̀ǹpútà ní tòótọ́, tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra sípíkà méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn, Floyd Toole ń ṣiṣẹ́ ní Ottawa, ní ilé ìwádìí ìjọba Kánádà. Ó fi aṣọ ta ẹ̀rọ, aṣọ tí ojú kò lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìró ń gbà kọjá, ó sì ní kí àwọn olùgbọ́ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ohun tó tẹ̀ jáde ní 1985 àti 1986 ni pé bí ojú kò bá rí ẹ̀rọ, ìdájọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa súnmọ́ ara wọn, ẹ̀rọ tí kò fi kún ohùn tí kò sì yọ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń fẹ́. Ní 1994, òun àti Sean Olive gbé àwọn ẹ̀rọ kan náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní gbangba àti lẹ́yìn aṣọ. Ní gbangba, èyí tó tóbi tó sì lẹ́wà jèrè nínú ìrísí rẹ̀, èyí kékeré olówó pọ́ọ́kú sì pàdánù. Ẹ̀rọ kò yí padà, ojú ni a là.

Wọ́n ní láti yan orin tí wọn yóò máa fi dánwò. Olive rí i pé “Fast Car” tí Tracy Chapman kọ ní 1988 wà lára èyí tó ń tú àṣírí ẹ̀rọ jù lọ. Ní Jámánì, Karlheinz Brandenburg lo “Tom’s Diner” ti Suzanne Vega, ohùn obìnrin kan láìsí ìlù, nígbà tí wọ́n ń ṣe MP3 tí a fi ń fún ohùn pọ̀. Àwọn orin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n èdè wọn kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Èwo ni ó yẹ kí a fi dán ẹ̀rọ tí yóò sọ igbá, igba àti ìgbà fún wa?

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìyanu nínú. Nígbà tí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, tán-án-ná ọ̀fun rẹ̀ a máa mì ní nǹkan bíi ìgbà 85 sí 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ 300. Síbẹ̀, ẹni tó pe bàbá rẹ̀ láti Kútọnu kò ṣi igbá gbọ́ sí ìgbà. August Seebeck, ará Jámánì, ti ṣàkíyèsí rẹ̀ láti 1841 pé etí lè mọ gíga ohùn kan bí ìró ìpìlẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Àwọn ìró tó wà lókè ìpìlẹ̀ tò létòlétò, ọpọlọ sì ń ti ara ètò wọn mọ ohun tó sọnù. Ohun tí tẹlifóònù ń fi wá ṣeré ni lẹ́tà: nítorí pé kò gbé ìró tó tínrín kọjá nǹkan bíi 3,400, “ó ti fọ̀” àti “ó ti sọ̀” lè dún bákan náà.

Ṣùgbọ́n ìlù kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ tí a kàn mọ́ igi kì í mì bíi tán-án-ná. Àwọn ìró òkè rẹ̀ kò tò létòlétò lórí ìpìlẹ̀, nítorí náà ọpọlọ kò rí ohun tí yóò fi dá ìpìlẹ̀ náà padà bí ó ti yẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni, kì í ṣe ohùn akọrin Ẹ̀fẹ̀ nìkan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ òru Ẹ̀fẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, yóò gbọ́ orin, yóò gbọ́ ṣaworo ẹsẹ̀ eégún, ìyáàlù yóò sì dà bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn yàrá kejì. Yóò wá sọ pé àwọn onílù ìgbà náà kò lágbára. Èyí tó léwu jù ni ti àwa tí a ń yan kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí a ó gbé sórí kọ̀ǹpútà: bí etí wa bá jókòó síwájú ẹ̀rọ kékeré, a lè kọ kásẹ́ẹ̀tì tó dára sílẹ̀ pé ìlù rẹ̀ kò dún.

Ìdí nìyí tí a fi dábàá ìdánwò mẹ́ta fún ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ yóò bá lò. Kí àgbà ọkùnrin kan ka oríkì, kí a wò ó bí ohùn rẹ̀ ti rinlẹ̀ tó. Kí obìnrin kan sọ ọ̀rọ̀ tó kún fún s, ṣ àti f. Kí a sì lu ìyáàlù níwájú àwọn olùgbọ́ kan náà kí wọ́n tó gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń fi wé. Kí agbára àwọn ẹ̀rọ dọ́gba, kí a ta aṣọ sí iwájú wọn, kí ẹni tó mọ iye owó wọn má sọ̀rọ̀. Ní ti àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí a ti kọ “ìlù kò dún” sí lára, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú àpótí títí a ó fi tún wọn gbọ́.