Wíwá Dátà Ìwádìí lórí Ìgboro Ìbàdàn

Wíwá dátà ìwádìí ni ẹ̀kọ́ tí ilé ìkàwé yunifásítì ń kọ́ olùwádìí, kó lè rí ohun tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ti kó jọ kó tó gbé ìwé ìbéèrè wọ agboolé ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ yìí kan ìgboro Ìbàdàn gan-an, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń da ìbéèrè bo àwọn ará ibẹ̀.

Ẹ wo Ìdíkàn, àdúgbò kan nígboro Ìbàdàn. Ní 1992 ni Kayọde Ọṣuntokun, Adeṣọla Ogunniyi àti akẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọpọlọ àwọn àgbàlagbà wò níbẹ̀. Èsì tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA lọ́dún 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn tí wọ́n yẹ̀ wò ni àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú, ìdá 3.24 ni láàrin àwọn àgbàlagbà adúláwọ̀ Indianapolis. Àkọlé àpilẹ̀kọ náà dárúkọ Ìbàdàn, kò dárúkọ Ìdíkàn. Ẹni tó bá fi orúkọ àdúgbò nìkan wá a lórí àkọlé kò ní rí i.

Sípẹ́lì náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ojaba, Oja'ba, Oja Oba: ibì kan náà ni. Àdúgbò Bẹẹrẹ ń jẹ́ Bere, ó tún ń jẹ́ Beere. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká tẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn àti láìsí i, yálà nínú Google Dataset Search tàbí nínú àwọn ibi ìpamọ́ dátà tí re3data to orúkọ wọn.

Rírí dátà yàtọ̀ sí mímọ ohun tó lè sọ. NDHS, ìwádìí ìlera gbogbo Nàìjíríà, máa ń sún àmì ibùdó ìwádìí ìgboro kúrò ní ààyè rẹ̀, ó lè tó kìlómítà méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà dá onílé mọ̀. Láti òkè Mápó sí Bẹẹrẹ kò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi dátà yẹn sọ̀rọ̀ nípa Bẹẹrẹ nìkan.

Ní ti ayé àtijọ́, ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ wà. Fáìlì "Iba Div" àti "Oyo Prof" ni kí ẹ béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti parí ìwádìí nígboro, ẹ yọ orúkọ àwọn tó dá yín lóhùn kúrò, ẹ fi dátà yín sí Zenodo tàbí ibòmíràn tó ń fúnni ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ DOI, kí ẹ sì kọ orúkọ àdúgbò sínú àlàyé rẹ̀.