Ìbò Ẹni tí Kò Sí ní Ìjòkòó

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn náà ni ó sì tún sọ pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni àríyànjiyàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lórí ọ̀ràn kan: ǹjẹ́ kánsẹ́lọ̀ tí kò lè dé ìpàdé lè fi ìbò rẹ̀ rán ẹlòmíràn?

Ọ̀ràn náà kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wọn. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ìjòyè tí kò lè wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Olóyè ti ń fi ìbò wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, ìbò tí ó ju 10 lọ wà ní ọwọ́ Duke ìlú Buckingham nìkan. Ni wọ́n bá ṣòfin ní ọdún 1626 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ju ti ẹni méjì lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1832, nígbà tí àbá àtúnṣe ètò ìdìbò dé iwájú wọn, 128 nínú àwọn tí ó jókòó fara mọ́ ọn, 126 kọ̀ ọ́. Ìbò àfirán ni ó sọ ọ́ di 184 sí 175. Ní ọdún 1868, wọ́n pa àṣà náà tì.

Ní ti àwọn kánsẹ́lọ̀ England àti Wales, òfin ọdún 1972 le. Ó ní ẹni tí ó wà ní ìjòkòó ni kí ó dìbò. Ẹni tí kò bá sì wá sí ìpàdé kankan fún oṣù mẹ́fà, tí ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí ìdí rẹ̀, ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni èyí ń ni lára bí kò ṣe abiyamọ àti aláìsàn?

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Tulip Siddiq, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ìbímọ rẹ̀ síwájú. Orí àga onítáyà ni ó wà tí wọ́n fi tì í wọlé kí ó lè dìbò. Kí oṣù náà tó parí, Vicky Foxcroft ti ń dìbò fún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun yóò gba àwọn kánsẹ́lọ̀ náà láàyè.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbàgbé Buckingham: ìbò ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ kó sí ọwọ́ kan. Níbi tí ìgbìmọ̀ bá sì ti jókòó bí adájọ́, kí ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ má ṣe dá a.