Ọ̀pọ̀ Ni Mo Rà Á

Àlẹ́ẹ̀tì báńkì ni mo fi to ọjọ́ yìí pọ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 July 2025. Ohun tí fóònù mi kò kọ sílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìsọlọ̀ ló rán mi létí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan iye owó, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

6:15 àárọ̀

Iná dé. Ọmọ náà ti jí ṣáájú iná. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi káàdì dọ́là yín san nǹkan kékeré kan tó bá di alẹ́.”

Nǹkan kékeré náà ni Stardew Valley, géèmù tí èèyàn ti ń dáko, tí ń sin adìẹ, tí ń pẹja. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Eric Barone, ló fi ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ ṣe é kó tó gbé e jáde ní 2016. Dọ́là 15 ni owó rẹ̀ gan-an. Ó ti tó ọdún kan tí ọmọ yìí ti ń wò ó, tó ń retí gbàǹjo. Gbàǹjo sì ti dé: láti 26 June títí di 10 July, Steam, ilé ìtajà géèmù tí Valve dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2003, ń ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù ní ẹ̀dínwó. Gbàǹjo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n pè é. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn lọ́hùn-ún ni o. Ní Ìsọlọ̀, òjò ti rọ̀ láti òru, gọ́tà ti kún.

Ó ka ₦20,000 lé mi lọ́wọ́, ó ní ṣéńjì á kù.

7:40 àárọ̀

Ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ná ọjà Aswani, tó jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ìgbà kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojúlówó gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó tú bélì aṣọ. Bí ọ̀bẹ bá ti gé okùn rẹ̀ báyìí, ogún ọwọ́ á wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èwo ni tiyín níbẹ̀.

Ìyá aláṣọ pe búláòsì kan ní ₦3,000. Mo ní kó gba ₦1,000. “Kọ́sítọ́mà mi, ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án, ẹ ti ń dá owó lé e!” Mo fọwọ́ kàn án. Mo yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, mo gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ. Ó pè mí padà. A parí rẹ̀ sí ₦1,500. Ẹnu mi ni ẹ̀dínwó yẹn ti jáde, àárẹ̀ ẹnu ni mo fi gbà á.

Ìgbà tí mo fẹ́ sanwó ló wá sọ pé bí mo bá mú mẹ́ta, òun á gba ₦3,500. Ọ̀kan ni mo wá rà. Mẹ́ta ni mo gbé lọ. Mi ò tilẹ̀ fi ẹ̀kẹta wọn ara mi. Àlẹ́ẹ̀tì dé ní 8:22.

10:30 òwúrọ̀

Òṣòdì. Wọ́n ti wó ọjà ibẹ̀ nígbà tí Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, ní January 2009. Wọ́n ti kọ́ ibùdókọ̀ alájà tí Ààrẹ Buhari wá ṣí ní April 2019. Ohùn gbàǹjo kò kúrò níbẹ̀ ní tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ ọrùn, ó ń kígbe pé owó ti já. Bàtà ló ń tà. Mi ò dúró. Bí mo bá dúró, màá rà.

12:50 ọ̀sán

Ilé géèmù kan ní Mafólúkù. Ọ̀rọ̀ àárọ̀ ló gbé mi yà síbẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń san owó eré kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó ra géèmù rí láyé rẹ̀.

Ẹni tó ni ibẹ̀ ló ń rà á. Ó ní September ni géèmù bọ́ọ̀lù tuntun máa ń jáde, dọ́là 70, ṣùgbọ́n òun kì í rà á nígbà náà mọ́. EA Sports FC 24 ló là á lójú: September 2023 ló jáde, nígbà tó di May 2024, Sony ti kó o fún gbogbo ẹni tó ń san owó PlayStation Plus láìgba kọ́bọ̀ kún un. Ẹni tó rà á ní odindi owó wò suu. Láti ìgbà náà ló ti ń dúró kí owó wálẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀. Mbappé lọ sí Real Madrid ní July 2024. Ọmọ wo ni yóò sanwó láti fi Mbappé gbá bọ́ọ̀lù fún PSG? Géèmù bọ́ọ̀lù dà bíi búrẹ́dì Agége: ìdí tí tàná fi rọjú, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

3:10 ọ̀sán

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá. Mo yọ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Géèmù ńlá kan, dọ́là 60. Kó tó di àárín June 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní báńkì. Géèmù dọ́là 60 nígbà náà, ₦27,600. Ní July 2025, dọ́là ti lé ní ₦1,500, géèmù kan náà ti lé ní ₦90,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀, ₦70,000, kò lè rà á. Ẹ wá gé 75 kúrò nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ó ku dọ́là 15, bíi ₦23,000.

Mo tún un ṣírò, torí mo rò pé mo ti ṣì í. Gbogbo agogo ẹ̀dínwó tí wọ́n ń lù yìí, ìtòsí iye tí odindi géèmù jẹ́ ní ọdún méjì ó lé díẹ̀ sẹ́yìn ló dá wa padà sí.

Steam mọ rándì South Africa, ó mọ rúpíì India. Kò mọ náírà. Àwọn ará Argentina àti Turkey pàápàá ní iye tiwọn níbẹ̀ títí di November 2023 kí wọ́n tó kó wọn sínú dọ́là. Àwa, inú dọ́là la ti bá ara wa. Ní 2022, àwọn báńkì gé ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun sí dọ́là 20 lóṣù, ọ̀pọ̀ wọn sì wá dá a dúró pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ fi ń dọ̀bálẹ̀ fún káàdì dọ́là mi láàárọ̀. Odindi iye tí Steam máa ń fa igi lé lórí lókè ẹ̀dínwó, n kò tíì rí ará Ìsọlọ̀ tó san án. Ó jọ pé ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ ni kí tìsàlẹ̀ rẹ̀ lè dùn wò.

6:00 ìrọ̀lẹ́

Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Bellevue, ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí Valve wà. Àkókò yìí ni wọ́n máa ń ṣí gbàǹjo. Láyé àtijọ́, ẹ̀dínwó oníwákàtí díẹ̀ wà nínú rẹ̀: ẹ sùn, ẹ jí, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ní June 2015, wọ́n gbà kí èèyàn máa dá géèmù padà, bí kò bá tíì ju ọjọ́ 14 lọ tó rà á, tí kò sì tíì fi ṣeré tó wákàtí méjì. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀dínwó oníwákàtí ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ta ni yóò ra nǹkan lọ́sàn-án tí kò ní dá a padà bí wọ́n bá tún gé e lálẹ́? Láti ìgbà náà, iye tí ẹ bá bá níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni ẹ ó bá títí dópin. Kò sí ohun tó ń lé ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sáré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí bóyá owó wà nínú káàdì.

8:47 alẹ́

Àlẹ́ẹ̀tì: dọ́là 23.96. Bíi ₦37,000.

Mo pè é. Ó dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Red Dead Redemption 2 ló rà, dọ́là 60 tí wọ́n gé 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ó tún ra mẹ́ta tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí, tí wọ́n gé 80, 85 àti 90 kúrò lára wọn.

“Géèmù àgbẹ̀ ńkọ́?”

“Àǹtí, wọn ò gé tiẹ̀ tó tàwọn yòókù. Mo máa dúró di December.”

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí èmi náà ní láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó ti ń wá láti ọdún kan ló fi sílẹ̀, nítorí ẹ̀dínwó rẹ̀ kò wú u lórí. Stardew Valley kò gbà ju 500 MB lọ. Red Dead ń béèrè 150 GB, àyè tó ṣẹ́ kù nínú kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ rẹ̀ kò sì tó 40. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò ní káàdì àwòrán tí géèmù náà ń fẹ́. Dátà tí yóò gbé e wọlé á gbówó ju géèmù fúnra rẹ̀ lọ, pàápàá láti January tí NCC, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, ti fọwọ́ sí àfikún owó dátà tó lè dé 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

“Ìgbà wo lo máa wá fi ṣeré?”

“Tí mo bá ra kọ̀ǹpútà ńlá, mà.”

“Ṣé ìyẹn náà wà ní gbàǹjo?”

Ó ń wo ilẹ̀.

9:40 alẹ́

Mo rán an létí pé ọjọ́ 14 ṣì wà nílẹ̀, kó dá wọn padà, kó ra ohun tó fẹ́. Ó ní bí òun bá dá a padà tó wá di odindi owó ńkọ́? “Àǹtí, dọ́là 45 ni mo jèrè o.” Mo béèrè ibi tí èrè náà wà. Mo tún béèrè ₦17,000 mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí àpò ọ̀rá Aswani lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. “Ẹ ti wọ búláòsì yín wò?”

Mo wọ̀ wọ́n wò. Èkíní dáa, èkejì fẹ̀ díẹ̀. Apá ẹ̀kẹta dé ìgúnpá mi, ó dúró síbẹ̀.

“Á ba ẹnì kan mu,” ni mo wí. “Ọ̀pọ̀ ni mo rà á.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ṣì ń gbìyànjú láti bọ́ ọ nígbà tí iná lọ.