Pupa Wo Ni Ẹ Ń Wí?

Bí ẹ bá gba Bẹẹrẹ sọ̀kalẹ̀ wá sí Ọjà'ba ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé ewúrẹ́ ni onílé níbẹ̀, àwa ènìyàn ni àlejò. Òmíràn dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ aláta, òmíràn ń jẹ èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà Bẹyẹrúnká. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀kan nínú wọn sọnù. Ẹni tí ẹran sọnù mọ́ lọ́wọ́ ní, "Pupa ni tèmi." Ẹni tí wọ́n bá ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ ní, "Pupa ni tèmi náà." Bí ọ̀ràn bá dé iwájú adájọ́, kí ni yóò fi mọ pupa ti èkíní yàtọ̀ sí pupa ti èkejì?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú èdè wa, pupa ni ẹ̀jẹ̀, pupa ni epo, pupa ni erùpẹ̀ òkè Mápó, pupa sì ni ewúrẹ́ tí irun rẹ̀ jọ ewé gbígbẹ. Kì í ṣe pé a kò mọ ìyàtọ̀ wọn o. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń sọ pé pupa fòò, pupa rúsúrúsú, dúdú kirikiri, funfun báláú. Òṣùwọ̀n ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ẹnu ni. Rúsúrúsú tiyín lè má jẹ́ rúsúrúsú tèmi.

Lójú tèmi, àwọn aláró ni ó sún mọ́ òṣùwọ̀n gidi jù lọ láàrin wa, àní àwọn ìyá tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, sára àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn. Aláró mọ̀ pé bí aṣọ bá wọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, tí a sì yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, yóò mọ́ díẹ̀. Bí ó bá ti ń padà wọ ibẹ̀ ni ó ń dúdú sí i. Nítorí náà bí oníbàárà bá fẹ́ irú èyí tí ó rà lọ́jọ́sí, iye ìgbà tí a rì í bọ aró ni a ó kà.

Ṣùgbọ́n a kì í rẹ ewúrẹ́ láró. Inú irun fúnra rẹ̀ ni àwọ̀ ti ń wá. Oríṣi èròjà méjì ni ó wà níbẹ̀: ọ̀kan ń mú irun dúdú tàbí kí ó rí bí ilẹ̀ tútù, èkejì ń mú un pupa tàbí kí ó rí bí ìyeyè. Níbi tí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, irun yóò funfun.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, irun ẹran ni púpọ̀ nínú wọn dì mú, nítorí ojú lásán ni a fi ń rí i. Ojú lásán náà ni ó sì dá wàhálà sílẹ̀. Sewall Wright, ará Amẹ́ríkà, ń sin ẹran kékeré aláìnírù tí òyìnbó ń pè ní guinea pig. Ó to awọ wọn láti orí èyí tí ó mọ́ jù dé orí èyí tí ó dúdú jù, ó sì ń fi ẹran tuntun wé wọn, bí ẹni tí ó gé etí aṣọ dání lọ sí Gbági láti wá aṣọ ẹbí. Ní 1949, òun àti Braddock tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ti wọn èròjà dúdú inú irun náà gan-an.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wù mí jù ni Francis Sumner ti Kalifọ́níà. Eku igbó ni ó ń wádìí. Ní etíkun Fulọ́rídà, lórí iyanrìn funfun, eku ibẹ̀ mọ́ lára. Ní àárín ilẹ̀, níbi tí erùpẹ̀ ti dúdú, irú eku kan náà dúdú lára. Àwọn kan ní oòrùn àti afẹ́fẹ́ ibi tí ẹran ń gbé ni ó ń yí irun rẹ̀ padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí a bí síbòmíràn yẹ kí ó yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Sumner kó eku láti ibi púpọ̀ wá sínú ilé kan ṣoṣo, ó ń sìn wọ́n, wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ọmọ ti yí padà? Bí ó bá ní "ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi", ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ohun èlò tí à ń pè ní Hess-Ives ni ó lò ní àwọn ọdún 1920. Awọ eku wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ohun funfun kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Òǹwòye a fi ojú kan wò ó láti inú dígí pupa, lẹ́yìn náà dígí àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà dígí àwọ̀ aró. A máa dín ìmọ́lẹ̀ ti funfun náà kù títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò fi dọ́gba, a ó sì ka iye tí ó bá jáde. Báyìí ni àwọ̀ di nọ́ńbà. Àwọn ọmọ eku kò fi àwọ̀ ìran wọn sílẹ̀. Ní 2006, àwọn onímọ̀ mìíràn, tí Hopi Hoekstra jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi hàn pé ìyípadà kékeré kan ṣoṣo nínú ohun àjogúnbá tí à ń pè ní Mc1r wà lára ohun tí ó mú eku etíkun Fulọ́rídà mọ́.

Síbẹ̀ ojú ènìyàn ni ó ń sọ ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, ojú a sì máa rẹ̀. Ní 1931 ni àjọ àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ ní gbogbo ayé fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa fi nọ́ńbà pe àwọ̀. Ní 1976 ni wọ́n ṣe èyí tí a ń lò jù báyìí. Nọ́ńbà mẹ́ta ni: èkíní ń sọ bí nǹkan ti mọ́ tó, láti 0 tí í ṣe dúdú dé 100 tí í ṣe funfun, èkejì ń sọ bí ó ti pupa tàbí bí ó ti jọ ewé, ẹ̀kẹta bí ó ti jọ ìyeyè tàbí aró. Ẹ̀rọ tí a lè fi ọwọ́ kan gbé ni ó ń ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tan iná sí irun.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe babaláwo o. Bí irun bá tutù, bí eruku bá bò ó, tàbí bí ẹ bá fọwọ́ pa á sódì, nọ́ńbà mìíràn ni yóò jáde. Bí irun dúdú àti funfun bá dàpọ̀, yóò pa wọ́n pọ̀ di àwọ̀ eérú tí kò sí lára ẹran náà rárá. Ibi kan náà lára ẹran ni kí a máa wọ̀n nígbà gbogbo, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. (Ẹni tí ó bá lè mú ewúrẹ́ Bẹyẹrúnká dúró jẹ́ẹ́ fún ẹ̀ẹ̀mẹta, mo kí i.)

Ìbàdàn ní ìpín nínú ọ̀ràn yìí. Moor Plantation wà níbẹ̀, Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, IITA sì dé ní 1967. Àwọn onímọ̀ ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù yìí ti béèrè bóyá àwọ̀ ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ní í ṣe pẹ̀lú bí ó ti ń bímọ tàbí bí ó ti ń tóbi. Ìbéèrè gidi ni, nítorí irun dúdú ń gba ooru oòrùn mọ́ra ju funfun lọ. Ṣùgbọ́n bí ìwé àkọsílẹ̀ bá kàn ní "dúdú" tàbí "pupa", mo ń bẹ̀rù fún ìdáhùn rẹ̀. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ a máa sọ irun dúdú di pupa rúsúrúsú, ewúrẹ́ kan náà a sì bọ́ sí ìhà kejì ìwé láìṣẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Màlúù tàbí àgùntàn tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní bàbà tó, bàbà kan náà tí ó wà nínú wáyà iná, irun dúdú rẹ̀ a máa ṣá. Ẹni tí ń rí ẹran rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹta sẹ́yìn, tí a sì tún wọ̀n ọ́n lónìí, ìwé yóò sọ ohun tí ojú kò rí, nígbà tí a ṣì lè fi bàbà díẹ̀ kún oúnjẹ ẹran náà.